Rẹ̀míláyọ̀ Nínú Àwòrán Àwọn Mánẹ́jà

Bí ẹ bá ń wá Rẹ̀míláyọ̀ Mákánjúọlá, ẹ má wulẹ̀ wo orí àga. Wọ́n gbé àga oníke kan wá fún un nínú stóò lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, páálí ìṣó ló ń gbé lé e. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, síbẹ̀ bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ láàárọ̀ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yún un nìyẹn. Á lọ síbi irin, á padà síbi símẹ́ǹtì, á yọjú sí àwọn káfíńtà, á tún rántí nǹkan, á yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa bá a rìn ni.

Ìkirè ni wọ́n ti bí i. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, ló mú un wá sí Ajah, ọkọ náà sì kú kí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ṣèyílọ́lá, tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Rẹ̀míláyọ̀ gba ibi iṣẹ́ ọkọ lọ, ó ń ru kọnkéré. Lẹ́kkí Phase 1 ló ti rù ú jù, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ yanrìn, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi géètì dí òpópónà kankan níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún hú u. Ọ̀nà náà ò sinmi, òun náà ò sinmi.

Lọ́dún 2004, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan tó ń jẹ́ Ìpìlẹ̀ Rere gbà á síṣẹ́ agbálẹ̀. Ilẹ̀ gbígbá náà ò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ó rí i pé àwọn tó wà ní stóò ò mọ ibi tí nǹkan wà, inú bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn tò ó. Nígbà tó yá, òun ló ń fa nǹkan lé èèyàn lọ́wọ́, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí yí ohun tó wà nínú ìwé ọ́fíìsì padà. Ọkùnrin kan tó kàwé ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ni stóò. Lẹ́kkí Phase 1 nibi ìjókòó tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá fọwọ́ sí ìwé, á gba omi tútù mu, á lọ.

Ká sọ òótọ́, stóò nìkan kọ́ ni iṣẹ́ obìnrin yìí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan péré, níbi ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí wọ́n ń kọ́ nínú Lẹ́kkí Free Zone. Kàmọ́rù, ọmọ Ìsẹ́yìn, olórí àwọn tó ń tẹ irin, sáré tẹ̀ lé e.

"Ìyá Ṣèyí, irin ti ń tán lọ o! Àwọn bọ́ìsì mi ti fẹ́ jókòó."

"Má jẹ́ kí wọ́n jókòó. Lọ́rì irin ti kọjá ìyanà Ẹlẹ́kọ, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ bá àwọn káfíńtà, ogún ọ̀pá wà lẹ́yìn táǹkì omi tí wọ́n gbé pa mọ́. Bó o bá dé ọ̀hún, má tíì dárúkọ irin. Kọ́kọ́ kí olórí wọn kú ọwọ́ lómi, ìyàwó rẹ̀ bímọ ní Sátidé."

Kàmọ́rù lọ, ó kí i kú ọwọ́ lómi, wọ́n gbé irin fún un. Ó ti tó ọdún kan tí àwọn atẹrin àti àwọn káfíńtà ti ń bára wọn yan odì.

Báwo ló ṣe mọ ibi tí lọ́rì dé? Ọ̀dọ̀ Bàbá Géètì ló ti ń gbọ́ ọ. Bàbá yìí ló ń ṣí géètì, ó sì ń tì í. Apẹja ni tẹ́lẹ̀ ní Ẹlẹ́kọ kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àwọn awakọ̀ lọ́rì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó máa ń pọn omi ìwẹ̀ dè wọ́n, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n nà síbi bẹ́ńṣì rẹ̀, nítorí náà òun ni wọ́n ń pè lórí fóònù bí wọ́n bá ti gbéra. Àwọn mánẹ́jà ò mọ̀. Rẹ̀míláyọ̀ á dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á kíra wọn, á gbọ́ ti ọ̀nà, á lọ. Ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbà láti dúró díẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wàhálà dé. Òjò ò jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú, ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí ń pariwo, ọ́fíìsì Lẹ́kkí Phase 1 sì ní àwọn fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ dín in kù bí ará ayé àtijọ́. Wọ́n pe ọ̀mọ̀wé kan, arábìnrin tó ń jẹ́ Olúwadábírà, pé kó wá kọ́ àwọn mánẹ́jà ní ìmọ̀ tuntun kan, ìmọ̀ tó ń yẹ okùn àjọṣe àárín àwọn èèyàn wò. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo òṣìṣẹ́, mẹ́tàlélógóje ni wọ́n. Ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ bá há, ta lo máa ń lọ bá? Bí ìròyìn bá wà, ta lo ti máa ń gbọ́ ọ? Kí oníkálukú kọ orúkọ ẹni náà.

Stóò ni báírò ti jáde. Ogójì ni Rẹ̀míláyọ̀ kó sílẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló padà, ó sì bú gbogbo àwọn lébìrà láti ibẹ̀ dé etí odi. Òun náà kọ tirẹ̀ lórí ìdúró, ó ká a, ó jù ú sínú páálí, ó lọ wo símẹ́ǹtì tí òjò fẹ́ pa.

Lọ́jọ́ kẹta Kàmọ́rù mú ọ̀rọ̀ wá. "Ìyá Ṣèyí, ẹ ti gbọ́? Wọ́n ní ẹni tẹ́nì kankan ò bá dárúkọ, ilé ló ń lọ o."

"Ilé bàbá ta?" ni Rẹ̀míláyọ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé inú.

Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ebi ló ń bà á lẹ́rù. Ṣèyílọ́lá ti ṣe yàrá kan lọ́ṣọ̀ọ́ fún un ní Ìbàdàn, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sí i, ó ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú pé, "Mọ́mì, ẹ wá sinmi." Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn ló ń já a láyà. Ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n jọ ń wọ aṣọ funfun, alákòóso ilé ìgbọ́únjẹ ilé ìwé kan ni tẹ́lẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Rẹ̀míláyọ̀ mọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́rùn rẹ̀, kí ló kù tí yóò máa gbé e dìde láàárọ̀?

Ó sọ ọ́ fún Bàbá Géètì. Bàbá náà wò ó títí. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ta ló fẹ́ lé yín? Ta ló máa wá mọ ibi tí nǹkan wà?"

"Wọn ò bìkítà fún ìyẹn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ṣèyí."

Ọkàn ò balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ó to páálí ìṣó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bá ẹni tó ń ta ọṣẹ jà láìnídìí, ó sì padà lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, nínú ìsìn, wọ́n ń kọrin lọ́wọ́, òun ń ro orúkọ àwọn tó lè rántí òun: Kàmọ́rù á kọ mí, àbí kò ní í kọ mí? Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì tún ń kà á lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ àwọn mánẹ́jà, nínú kọ́ńtẹ́nà tí wọ́n ń ṣe ìpàdé. Wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, kò tàn. Ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n pe stóò, kí Màmá mú wáyà ìfàgùn wá. Rẹ̀míláyọ̀ mú un wá, ó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná dé. Ó yọwọ́, iná lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti yẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dì í mú bẹ́ẹ̀," ni Ẹnjiníà Ọdúnjọ wí. Òun ni ọ̀gá gbogbo ibi iṣẹ́ náà, ẹni ogójì ọdún ni, kò tíì pé ọdún kan tó dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Bí obìnrin tí kì í dúró ṣe dúró nìyẹn, ó tẹ̀ mọ́ ògiri, ó di wáyà mú, ìdí ọ̀rọ̀ náà sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwòrán náà kún ara ògiri: òbíríkítí kéékèèké àti ńláńlá, orúkọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn tín-ín-rín láàárín wọn.

Olúwadábírà ò sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé rárá. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ìwé kan wà lára ògiri ọ́fíìsì yín, ọ̀gá lókè, ọmọ iṣẹ́ nísàlẹ̀. Ìyẹn ni bí ẹ ṣe fẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Èyí ni bó ṣe ń lọ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá kọ orúkọ ẹnì kan, okùn mẹ́wàá ló wọlé sí i, òbíríkítí rẹ̀ á sì tóbi. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá kúrò, ọ̀rọ̀ ò ní í lè lọ láti ibì kan síbì kan mọ́. Ẹ sì má fojú kéré ẹni tí okùn rẹ̀ ò pọ̀. Nígbà mìíràn okùn kan péré ló so agbo kan mọ́ agbo mìíràn. Ẹ bi í kí ẹ tó gé e."

Rẹ̀míláyọ̀ ń wá ara rẹ̀. Ó wá a láàárín, kò sí níbẹ̀. Ó wá a lápá ọ̀tún. Nísàlẹ̀ pátápátá, létí ògiri, ló ti rí i: R. Mákánjúọlá. Kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Okùn kankan ò wọlé sí i. Okùn kan jáde lára rẹ̀, ó lọ sí òbíríkítí mìíràn tí kò tóbi jù ú lọ, ó sì tán síbẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún! Kò sí ẹnì kan, nínú mẹ́tàlélógóje, tó rántí òun. Kàmọ́rù tó ń jẹ èkuru lọ́wọ́ òun, kò rántí òun. Ó fẹ́ sá jáde, ṣùgbọ́n wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí wá ni àwọn ńlá àárín yìí?" Ọ̀gá Adékẹ́mi ló béèrè, obìnrin tó wá láti Lẹ́kkí Phase 1, òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. "Ìyá Ṣèyí, okùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá Ìjọ, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Màmá Wa, mọ́kàndínlógún. Aláṣọ Funfun, mẹ́rìnlá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú ìwé wa."

"Ohun tó rú èmi náà lójú nìyẹn," ni Olúwadábírà wí.

"Àwọn olóúnjẹ ni," ni mánẹ́jà kan wí. "Àwọn tó ń ta ìrẹsì lẹ́yìn odi. Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ìdí tí iṣẹ́ ò fi lọ rèé, ìdí abọ́ ni wọ́n ń kóra jọ sí. Ká lé wọn kúrò níbẹ̀ lọ́la."

Òmíràn ní kí wọ́n má lé wọn, kí wọ́n pè wọ́n sí ìpàdé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí olóúnjẹ tí kò sí níbì kankan. Ẹnjiníà Ọdúnjọ ò dá sí i, ó ń wo tábìlì.

Rẹ̀míláyọ̀ ti gbọ́. Ó ti ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyẹn láti àárọ̀ dé alẹ́ láti bí ọdún mélòó. Àwọn atẹrin ló ń pè é ní Ìyá Ṣèyí. Ìyá Ìjọ ni lẹ́nu àwọn káfíńtà. Àwọn oníná ti rí sùtàná rẹ̀ nínú ọ̀rá lọ́jọ́ ìsìn, wọ́n sọ ọ́ ní Aláṣọ Funfun. Ta ni nínú wọn tí yóò mú báírò kó máa kọ orúkọ ẹni tó tó ìyá rẹ̀ gbalaja sórí ìwé? Ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú tì í pé ó bínú sí Kàmọ́rù. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Adékẹ́mi ti yọ ìwé kan jáde.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe èyí tó dá wa lójú. Àwọn tí okùn kankan ò wọlé sí rèé. Ẹni méjì, R. Mákánjúọlá àti T. Abíọ́nà. Ẹnjiníà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

"Mákánjúọlá?" Ọdúnjọ wo ìwé òṣìṣẹ́. "Agbálẹ̀ ni wọ́n kọ síbí. Agbálẹ̀ mẹ́rin la ní, mi ò tiẹ̀ mọ èyí." Ó sì fọwọ́ sí i.

Rẹ̀míláyọ̀ fi wáyà sílẹ̀. Ògiri ṣókùnkùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wáyà yẹn..."

"Mákánjúọlá lorúkọ mi, Ẹnjiníà."

Olúwadábírà ló kọ́kọ́ dìde, ó wá di wáyà náà mú fúnra rẹ̀, àwòrán padà dé. Ó rọra ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí ẹ wà nínú rẹ̀ hàn wá."

Rẹ̀míláyọ̀ lọ síbi ògiri. Ó fi ìka kan Ìyá Ṣèyí. "Èmi rèé." Ó kan Ìyá Ìjọ. "Èmi rèé." Ó kan Aláṣọ Funfun. "Wọ́n rò pé mi ò mọ̀ pé wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀." Nígbà tó dé ibi Màmá Wa, ó yíjú padà, inú wá ń bí i gan-an. "Èyí ńkọ́? Àwọn wo ló kọ ọ́?"

Ẹnjiníà Ọdúnjọ dìde dúró. Báírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi náà wà níbẹ̀, mà. Bí nǹkan bá há mi, ẹ̀yin ni mo ń ránṣẹ́ pè. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́ níwájú wọn." Ó dọ̀bálẹ̀ nínú kọ́ńtẹ́nà náà pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì, Ọ̀gá Adékẹ́mi sì sún àga sẹ́yìn fún un.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ni Rẹ̀míláyọ̀ wí. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó dùn mọ́ ọn gidigidi. Ó na ọwọ́ gba ìwé náà lórí tábìlì bí ìyá tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ. "Èèyàn ni ẹ ń lé, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n! Tá a bá wá ní ká lé ẹnì kan, ṣé kò yẹ ká mọ ojú rẹ̀? Ta ni Abíọ́nà yìí náà? Ẹ sọ fún mi."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Òun náà rò ó. Ó mọ gbogbo èèyàn ibẹ̀, ó mọ ìyàwó wọn, ó mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kò mọ Abíọ́nà kankan.

Ọdúnjọ ṣí ìwé òṣìṣẹ́. "T. Abíọ́nà. Ẹnu géètì ni wọ́n kọ síbí."

Olúwadábírà nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, síbi òbíríkítí kékeré kejì tí okùn R. Mákánjúọlá lọ bá. "Bàbá Géètì," ó kà á. "Okùn kan ṣoṣo ló wọlé sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mà."

Rẹ̀míláyọ̀ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ìwé tó fẹ́ fi nà wọ́n ti na òun náà. Ọdún kejìlá rèé, láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn, tó ti ń dúró lẹ́bàá bẹ́ńṣì yẹn láràárọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ibi tí lọ́rì dé, tí gbogbo ayé fi ń pè é ní ẹni tó mọ nǹkan, kò sì sọ fún ẹnì kankan rí pé ibẹ̀ lòun ti ń gbọ́ ọ. Kò béèrè orúkọ ọkùnrin náà lọ́jọ́ kan rí. Ó sọ fún wọn wàyí, nípa àwọn awakọ̀, nípa fóònù, nípa omi ìwẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le mọ́. Ọdúnjọ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya sí méjì, Ọ̀gá Adékẹ́mi ò sì sọ pé rárá.

Rẹ̀míláyọ̀ jáde, ó fi wáyà sílẹ̀ fún wọn. Kò yà síbi irin, kò wo símẹ́ǹtì. Bàbá Géètì wà lórí bẹ́ńṣì, ó fi fóònù sétí. Ó rí i, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyá Ṣèyí, lọ́rì méjì ti gbéra."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí lorúkọ yín?"

Ó wò ó bóyá àwàdà ni. "Tìjání ni. Tìjání Abíọ́nà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí."

"Kí wá ni tiyín?" Ó béèrè, ó sì sún mọ́ etí bẹ́ńṣì. "Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ fọ́ọ̀mù yẹn. Ìyá Ṣèyí ni mo kọ, mi ò mọ òmíràn tí mo lè kọ. Ṣé wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀yin ni? Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí tèmi."